Agbára mélòó ni axle (ọ̀pá tó ń yí táyà) tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ lè gbà níbi eré drag, ìyẹn ìdíje eré ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó gùn tààrà?
Kò sí iye horsepower (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) kan tó bá gbogbo ọkọ̀ mu. Torque, ìyẹn agbára ìyípo, ló ń ṣẹ́ axle: bí ẹ́ńjìnnì bá gbé torque 400 lb-ft jáde, tí gíà kìíní sọ ọ́ di ìlọ́po 3, tí differential (gíà tó wà láàárín axle méjèèjì) tún sọ ìyẹn di ìlọ́po 4, ó ti di 4,800 lb-ft tí axle méjèèjì máa pín. Táyà tó ń yọ̀ máa ń gba axle là. Slick (táyà eré ìje tí kò ní ilà) tó di ilẹ̀ mú àti clutch tí wọ́n ṣàdédé tú sílẹ̀ ló ń pa á. Gíà ọtọmátíìkì máa ń rọ axle lọ́rùn. Nínú axle ẹ̀yìn Ford tí wọ́n ń pè ní 8.8, èyí tó ní spline (eyín tó wà lórí ọ̀pá axle) 31 lágbára ju ti 28 lọ. Ní tèmi o, ẹ pààrọ̀ axle tó bá ọkọ̀ wá kẹ́ ẹ tó de slick mọ́ ọn.