Báwo ni mo ṣe lè mọ àjẹsára tó kan ọmọ mi ní Abẹ́òkúta?

Káàdì àjẹsára ọmọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ ọjọ́ tí ẹ ó padà wá sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó sọnù. Ní kété tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife, èyí tó sábà máa ń fi àpá kékeré sílẹ̀ lápá òsì, àti àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu. Ẹ ó tún gbé e padà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Oṣù 9 ni ti èéyi àti ibà pọ́njú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ti ibà pọ́njú, ṣùgbọ́n ti èéyi ní èkejì ní oṣù 15, òun gan-an sì ni àwọn òbí máa ń gbàgbé, ó sì ń dùn mí.

Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, àjẹsára jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ti dé Ìpínlẹ̀ Ògùn láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní ti àrùn tó ń jà nígboro, bí onígbáméjì, yálà Lafẹ́ńwá ni ẹ ń gbé tàbí Adátán, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, kí ẹ tó gba ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gbọ́.