Ẹ Bi Mẹkáníìkì: Jíìpù Tòkunbọ̀ Tí Yóò Máa Fa Ọkọ̀ Ojú Omi

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ra jíìpù Toyota 4Runner tòkunbọ̀ kan, ọdún 1999, ẹ́ńjìnnì V6, gíà rẹ̀ ọ̀tọmátíìkì, ó sì ní ọ̀pá gíà kékeré tó ń mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́. Mo ní ọkọ̀ fáíbà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Yamaha 40, ó wà lórí kẹ̀kẹ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ìkòròdú ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ máa fà á lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ pẹja ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n kọ́kọ́ gbé jíìpù náà sókè, kí n fi táyà ńláńlá sí i. Mẹkáníìkì mi ní kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe sí i, pé ó lè fa ilé. Owó ọwọ́ mi kò lè ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni kó ṣáájú? (Tíṣà Àgbà, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Bàbá mi, ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú ìnáwó jíìpù. Kí n tètè dáhùn ti ọmọ yín ná: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sókè. Táyà ńlá ń fi kún wàhálà gíà àti bíréèkì, jíìpù tó bá sì ga jù a máa fì sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹrù bá ń tì í lẹ́yìn. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí owó yẹn lọ.

Mẹkáníìkì yín gbìyànjú, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Toyota fọwọ́ sí i pé kí 4Runner V6 yẹn fa nǹkan bíi kílò 2,270. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín: ọkọ̀ fáíbà bẹ́ẹ̀ lè tó kílò 350, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lọ sí bíi 75, kẹ̀kẹ́ irin bíi 250. Lítà epo 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 40, kí a tó ka ìdákọ̀ró, bátìrì, àwọ̀n àti kúlà ẹja. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju kílò 800 lọ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì yín yóò fà á láìjanpata. Ohun tó ń ba irú jíìpù yìí jẹ́ ni ooru inú gíà, ohun tó sì ń pa èèyàn ni bíréèkì.

Nítorí náà, rádíétọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Páìpù kékeré kan wà nísàlẹ̀ rádíétọ̀ 4Runner yẹn, inú rẹ̀ ni ọ́ìlì gíà ń gbà kọjá kó lè tutù, omi ẹ́ńjìnnì sì yí i ká. Bí ìpẹtà bá lu páìpù yìí, omi á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á wọ inú omi. Ẹ ṣí ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rádíétọ̀ wò: bí ó bá rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da sóbò sí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Omi ti dé inú gíà nìyẹn, ó sì ti ń tú gọ́ọ̀mù tó lẹ awọ mọ́ àwọn àwo inú rẹ̀. Mo ti tú irú gíà bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì, èékánná lásán ni mo fi ń họ awọ yẹn kúrò. Gíà odindi ni èèyàn ń rà lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ló ń dá kún un, ó sì ń dùn mí gan-an. Ọkọ̀ á dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń díwọ̀n ooru ẹ́ńjìnnì) sọnù, wọ́n á da kúláàntì (omi aláwọ̀ tó ń dènà ìpẹtà) nù, wọ́n á rọ omi kànga sí i. Wọ́n á tún tú fáànù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí, wọ́n á fi fáànù oníná kékeré dípò. Omi kànga yẹn ló ń bí ìpẹtà. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ti ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ṣe é, kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà.

Rádíétọ̀ tuntun ni kí ẹ rà o, kì í ṣe tòkunbọ̀, kì í ṣe èyí tí wẹ́dà jó pa ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra kúlà ọ́ìlì gíà tó dá dúró, kí wọ́n dè é síwájú pátápátá níbi tí atẹ́gùn yóò ti máa fẹ́ sí i. Ní ìlú olótùútù, wọ́n máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì ṣì gba inú rádíétọ̀ kó lè tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní Ìkòròdú, ta ló ń wá ooru? Mo máa ń já rádíétọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ gíà pátápátá: ọ́ìlì á ti inú gíà lọ sí kúlà, á ti kúlà padà sí gíà. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì gíà yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó pupa tó sì mọ́ ni a fẹ́ rí. Bí ó bá ti dúdú, tó ń rùn, ẹ pè mí kí ẹ tó fa ohunkóhun.

Bí wọ́n bá ti ń tú iwájú, kí wọ́n wo bẹ́ẹ̀tì tímínnì, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí bára mu. Kílómítà 145,000 ni wọ́n ní ká pààrọ̀ rẹ̀, tòkunbọ̀ kì í sì í sọ ìtàn ara rẹ̀.

Bíréèkì ló kàn. Irú kẹ̀kẹ́ kékeré tiyín kì í sábà ní bíréèkì tirẹ̀, jíìpù nìkan ni yóò dá kílò 800 náà dúró. Ní ọ̀nà Ìtòkín, ọ̀kadà lè já lù yín láti ojú ọ̀nà oko, kò ní bi yín bóyá ẹ ń fa nǹkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá tẹ̀yìn, torí ìlù ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í ṣí i títí á fi máa han. Kí wọ́n da ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ nù pátápátá. Ó máa ń fa omi sára látinú afẹ́fẹ́, omi náà sì ń hó nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra. Ìgbà yẹn ni pẹ́dàlì ń rì wọlẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé bọ́ọ̀lù jọ́ńtì ìsàlẹ̀, oríkèé irin tó so táyà mọ́ ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ iwájú. Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú 4Runner yìí, ńṣe ni ìwúwo ọkọ̀ ń fà á ya. Bí ó bá gbó, jíjá ló ń já, táyà á sì wó sábẹ́ ọkọ̀. Ojúlówó ni kí ẹ rà.

Ní ti irin ìkọ́ tí kẹ̀kẹ́ yóò so mọ́: ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó o mọ́ bọ́ńpà. Séésì, egungun irin abẹ́ jíìpù, ni kí wọ́n fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dì í mọ́. Kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ẹnu kẹ̀kẹ́ mu. Bọ́ọ̀lù ínṣì 1⅞ á wọ ẹnu ínṣì 2, á dà bíi pé ó ti mú, kòtò kan péré á sì tú u. Ẹ kọ ẹ̀wọ̀n méjì lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n dábùú ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu kẹ̀kẹ́ lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn: bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹrù ni kó wà níbẹ̀, ìyẹn bíi kílò 80. Ẹ́ńjìnnì tó wà nídìí ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹnu fúyẹ́ jù, kẹ̀kẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fúyẹ́ á sì máa jù ìrù kiri lójú títì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀, tàbí kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo síwájú.

Bí owó bá tán lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ẹ lè lọ sí Ẹ̀pẹ́. Sípíríǹ ẹ̀yìn lè dúró de owó mìíràn. Táyà kẹ̀kẹ́ kò lè dúró bí ó bá ti pẹ́: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2015. Lójú ọ̀nà, ẹ tẹ bọ́tìnnì O/D (ofadíráífù, gíà kẹrin) tó wà lára ọ̀pá gíà kí iná O/D OFF tàn, kí gíà má baà máa paara láàárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ẹ má lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí títì gbígbẹ. Etí omi ló wà fún: L4, ipò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lágbára jù lórí ọ̀pá gíà kékeré, ni kí ẹ fi fa ọkọ̀ jáde nínú iyanrìn tàbí ẹrẹ̀, jẹ́jẹ́. Kí ìdí táyà ẹ̀yìn jíìpù má wọ omi nígbà tó ṣì gbóná, torí atẹ́gùn inú irin tó gbé táyà á sún kì, á sì fa omi ọ̀sà wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí gílóòbù kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ mi ń jó ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti ọ̀sà dé? (Ọmọ Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ ń kó gílóòbù gbígbóná sínú omi tútù ni. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì iná kí ẹ tó fi ẹ̀yìn wọ omi. Iyọ̀ tún wà níbẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun ń wọ inú ọ̀sà dáadáa. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ kan náà, títí kan ihò púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wáyà funfun, òun ni wáyà ilẹ̀. Níbi tí wọ́n ti dì í mọ́ irin kẹ̀kẹ́, ẹ họ ìpẹtà kúrò títí irin á fi dán, kí ẹ tún un dì, kí ẹ fi gíríìsì bò ó. Bí iná ẹ̀gbẹ́ kan kò bá tíì tàn, ẹ yẹ fúùsì wò kí ẹ tó ra gílóòbù mìíràn.