Ẹ bi wá: obìnrin tí wọn ò dárúkọ ẹ̀ fún wa nílé ìwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Tíṣà ni mí ní Kétu. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí eré Òlíḿpíìkì ní Paris ní 2024, èmi àtàwọn ọmọ ń wò ó ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá ń gbé ère obìnrin aláwọ̀ góòlù jáde létí odò, mẹ́wàá ni wọ́n, ọ̀kan ń jẹ́ Paulette Nardal, obìnrin dúdú tó ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ní "Màmá, kí ló kọ?" Mi ò rí nǹkan sọ. Èmi tí mo ka Senghor, tí mo ka Césaire, tí mo ka Damas títí mo fi gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama! Ta ni obìnrin yìí, kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún wa?

Màmá tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí lèmi náà ti kàwé, mo kọ́ Négritude, ìrònú àwọn òǹkọ̀wé dúdú tó ń fi dúdú wọn yangàn, tí wọ́n ní Senghor, Césaire àti Damas ló dá a sílẹ̀, sórí bí ẹni kọ́ oríkì ilé wọn, orúkọ ọkùnrin mẹ́ta náà la sì dì mú. Ìgbà tí mo wá mọ obìnrin yìí, inú bí mi, mi ò ní parọ́.

Martinique, erékùṣù Faransé lágbègbè Caribbean, ni wọ́n ti bí i ní 1896, ọmọbìnrin méje ni wọ́n, òun ni àkọ́bí. Ní 1920 ó lọ sí Paris, ó wọ Sorbonne, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ níbẹ̀. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì yẹn sọ́kàn o, torí òun ló gbé gbogbo ìtàn yìí. Nígbà yẹn àwọn dúdú Amẹ́ríkà ń kọ ewì, wọ́n ń kọ ìtàn, àwọn ọmọ Áfíríkà àtọmọ Martinique tó wà ní Paris ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yẹn náà ò gbọ́ Faransé, òun ló dúró láàrin tó ń túmọ̀ ti tọ̀tún fún tòsì. Ilé tóun àtàwọn àbúrò ẹ̀ ń gbé ní Clamart lẹ́bàá Paris, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò lọ́jọ́ ìsinmi, tíì ni wọ́n ń mu, wọ́n á kọrin, wọ́n á jiyàn. Senghor wá síbẹ̀. Òǹkọ̀wé dúdú René Maran náà wá, Maran yìí kan náà tó bá ọmọ Àjàṣẹ́ wa, Kojo Tovalou Houénou, ṣe ìwé ìròyìn Les Continents ní 1924.

Láti oṣù kọkànlá 1931 títí dé oṣù kẹrin 1932, Nardal wà lára àwọn tó gbé ìwé ìròyìn La Revue du Monde Noir jáde, ẹ̀dà mẹ́fà, Faransé lápá kan Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, nínú ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn ló ti kọ̀wé nípa bí ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ṣe ń là sí ẹni tí wọ́n jẹ́. 1932 lẹ ń gbọ́ yẹn o! Ìwé ìròyìn L'Étudiant noir tí àwọn tíṣà wa fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Négritude, oṣù kẹta 1935 ló jáde, Nardal sì wà nínú òun náà, ó kọ nípa ọkùnrin ará Senegal kan tó ń ta ẹ̀pà ní Paris, tí wọ́n wọ̀ láṣọ yẹ̀yẹ́ káwọn òyìnbó lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín, ó sì sọ bó ṣe rí lára òun dúdú tó jókòó tó ń wò ó.

Ogun wá dé. Oṣù kẹwàá 1939, ó ń ti Martinique padà bọ̀ sí Faransé nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bretagne, kò pẹ́ tó pé ọmọ ọdún 43 ni ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì kọ lù wọ́n. Níbi tó ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kó lè sá àsálà, orúnkún ẹ̀ fọ́. Oṣù mọ́kànlá ló fi dùbúlẹ̀ lọ́sibítù ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ yẹn ò sì bọ̀ sípò mọ́ títí ayé ẹ̀. Ó padà sí Martinique, ó bá a lábẹ́ ọ̀gágun Robert, ẹni ìjọba Vichy, ìjọba Faransé tó ń bá Jámánì ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá ọ̀nà àtigba orí omi sá lọ sí Dominica àti Saint Lucia, ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè lọ jà fún de Gaulle, ọ̀gágun Faransé tó ń bá Jámánì jà. Ta ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì? Òun náà ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Nígbà tí obìnrin kọ́kọ́ dìbò nílẹ̀ Faransé ní 1945, ó dá ìwé ìròyìn La Femme dans la Cité sílẹ̀, títí di 1951, ó ń bẹ àwọn obìnrin Martinique pé kí wọ́n jáde lọ dìbò. 1985 ló kú.

Kí ló dé tá ò gbọ́? Senghor di ààrẹ, Césaire di olórí ìlú Fort-de-France, ìwé wọn wọ ilé ìwé. Ti Nardal, inú ìwé ìròyìn ló fọ́n ká sí. Ní 1956 ilé ẹ̀ jóná, bébà ẹ̀ bá a lọ. Òun fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà ní 1963 pé àwọn obìnrin làwọn la ọ̀nà sílẹ̀, àwọn ọkùnrin wá gbé èrò àwọn, wọ́n fi ariwo sí i, torí pé obìnrin làwọn ni wọn ò ṣe ka àwọn sí. Mo gbà á gbọ́. Senghor gan-an kọ ọ́ ní 1960 pé ọwọ́ Nardal làwọn ti mọ àwọn dúdú Amẹ́ríkà.

Tọ́mọ yín bá tún béèrè, ẹ ní wọ́n ti kó ẹ̀dà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn pọ̀ sójú kan, wọ́n tún un tẹ̀ ní 1992. Kó kà á fúnra ẹ̀.

Láti Ṣábẹ: Nígbà ogun Hitler, ìyá bàbá mi ló ń bá àwọn ìyàwó sójà kọ lẹ́tà, ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé ara ẹ̀ náà. Àpótí ẹ̀ wà nílé, ikán ti wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè ṣe?

Àbúrò, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ gbọn ikán kúrò, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn. Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan létí fèrèsé, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn rárá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀ kó jẹ́ pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà ẹ kà á sókè fáwọn àgbà ilé, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rántí. Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ní Ouando, ẹ lè lọ bá wọn sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí orúkọ àwọn ìyàwó sójà yẹn nínú ìwé, ẹ wá ilé àwọn ọmọ wọn lọ, bóyá èsì lẹ́tà ṣì wà nínú àpótí tiwọn.