Ẹ má dúró de oṣù kọkànlá kẹ́ ẹ tó tún òrùlé yẹn ṣe

Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú kan ti yọ lójú àjà yàrá àwọn ọmọ yín ní Lugbe, l'Abuja níbí, káfíńtà ní òun á fi kóltà dí i, ẹnjinníà kan sì ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di oṣù kọkànlá tí òjò bá ti dá tán, pé ìgbà yẹn ni iṣẹ́ òrùlé máa ń dínwó. Ẹ wá ń béèrè pé ta lẹ máa gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Èmi ò ní kẹ́ ẹ dúró de oṣù kọkànlá o. Inú bí mi gan-an bí mo ṣe ń kà á, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá wa dúró ní Kubwa nìyẹn gẹ́lẹ́, ojú wa sì rí nǹkan.

Ibi tẹ́ ẹ ti rí àbàwọ́n yẹn lè má jẹ́ ibẹ̀ ni ihò wà rárá. Omi á ti wọlé lókè lọ́hùn-ún, nídìí ìṣó kan tàbí níbi tí páànù méjì ti gbé ara wọn, á rọra gba ara igi wálẹ̀, á tẹ̀ lé páìpù wáyà, ibi tó bá ti rẹlẹ̀ ló ti máa kán. Kó tó wá mu àjà débi tí èèyàn á fi rí i láti ìsàlẹ̀, igi ti mu yó. Nítorí náà ẹni tó bá dúró sí pálọ̀, tó gbójú sókè, tó ní kékeré lèyí, kò tíì rí nǹkan kan.

Bí tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ṣé ẹ rántí bí owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí iná yẹ kó máa wà fún tó wákàtí ogún lójúmọ́, ṣe fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sólà sórí òrùlé, àwa náà gbé e. Àwọn tó bá wa ṣe é mọ iná dáadáa, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, àmọ́ wọn ò mọ páànù. Inú kòtò páànù tí omi ń gbà kọjá ni wọ́n lu ihò sí, dípò orí òkè rẹ̀, wọ́n wá de irin mọ́ ọn láìfi rọ́bà sídìí ìṣó. Òjò ò tíì rọ̀ púpọ̀ tí àbàwọ́n fi yọ nínú yàrá ọmọ wa obìnrin.

Ẹ̀sítéètì la wà. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òrùlé àfi òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wọn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba owó sáfíìsì lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ tí a rí i náà la kọ lẹ́tà. Wọ́n rán ẹnjinníà kan wá, kò béèrè àkàbà, kò yọ àjà wò, ó dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbójú sókè, ó ní ooru inú ilé ló ń di omi lábẹ́ páànù, pé kò sí ihò kankan, tí òjò bá dá á gbẹ fúnra ẹ̀. A ní kó jọ̀ọ́ kó gòkè lọ wo ìdí sólà yẹn. Ó ní òun mọ iṣẹ́ òun. A tún kọ lẹ́tà míì, wọ́n ní ká gba fọ́ọ̀mù, a gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti rìnrìn àjò. Ọkọ mi pe káfíńtà tiwa, bàbá Nupe kan tó ti ń kan òrùlé ní Abuja yìí tipẹ́tipẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì dá a padà tàkàbà-tàkàbà pé kò ní ìwé àṣẹ. Owó wà lọ́wọ́ wa, káfíńtà wà níta, páànù wà lọ́jà, ìwé nìkan ni wọ́n ní kò tíì jáde. Òjò ní tiẹ̀ ò dúró.

Oṣù kẹjọ níbí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, òjò á ṣú nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a. Alẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a ti sùn. Ibà ń ṣe ọmọ náà, ọ̀dọ̀ wa ló sùn, ká ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá máa sọ fún yín lónìí. Mo kàn gbọ́ gbà! ilẹ̀ mì. Mo rò pé olè ló já ilẹ̀kùn. Ọkọ mi sáré wọ yàrá yẹn, ó na ọwọ́ sí ṣuìṣì, iná gbé e, ó kígbe, ó ṣubú sẹ́yìn, torí omi ti gba inú páìpù wáyà sọ̀ kalẹ̀ dé inú ṣuìṣì ara ògiri. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ọ̀nà dé ibi bíréékà, igi ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá a sílẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo wá tanná tọ́ọ̀ṣì wo inú yàrá, ìdajì POP, àjà tí wọ́n fi pálásítà ṣe yẹn, ti já lulẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ló já sí, èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ sì wà níbi ìrọ̀rí rẹ̀ gan-an. Mo gbìyànjú láti gbé e, apá mi ò ká a. POP tó gbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo, àmọ́ tó bá ti mu omi yó, kì í ṣe ohun tí ọmọ kékeré lè yè lábẹ́ ẹ̀.

Òjò ò sì tíì dá o. Omi ń dà látinú òkùnkùn òkè yẹn, ó pupa, ó ń rùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì kún, báàfù kún, àwọn ọmọ ń sunkún, ọkọ mi jókòó sí kọ́ridọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò lè gbé e lọ ọsibítù torí omi ti gba ojú ọ̀nà. Wọ́dúróòbù tí a kó ìwé sí wà lábẹ́ ibẹ̀, ìwé ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ní Ọ̀fà, sàtífíkéètì mi, ìwé ìbí àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nígbà yẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́ ju ká máa gbọ́n omi lọ. Ilẹ̀ mọ́, ẹnjinníà yẹn náà ni wọ́n tún rán wá, ó wòkè, ó ní kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. Lẹ́tà wa ṣì wà lórí tábìlì wọn bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́ yẹn ni ìwé àṣẹ jáde kíá. Bàbá káfíńtà gòkè, ó fi sìkúrù-dẹ́rẹ́fà gún igi tó jókòó lórí ògiri, irin yẹn wọlé dé ìdí láìlo agbára. Ó bu igi náà lọ́wọ́, ikán ti wà nínú ẹ̀. Ó ní igi tó bá ń tutù léraléra kì í pẹ́ jẹrà, òtítọ́ sì ni, igi tí omi inú ẹ̀ bá ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìjẹrà ti ráàyè wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ohun tó yẹ kó jẹ́ owó ìṣó, rọ́bà àti páànù kan wá di owó igi, owó páànù ìdajì ilé, owó POP, owó wáyà yàrá méjì, owó pẹ́ńtì, owó bẹ́ẹ̀dì, ká má tíì sọ ti ògiri tó bu tó dúdú, tí àwọn ọmọ ń húkọ́ nínú ẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé omi kékeré ni. Òjò mílímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan gééré ni. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150, tí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sórí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, lítà 7,500 ló gba orí ẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ péré ló ríhò wọlé, lítà 75 ló wà lórí àjà yín yẹn, lókè orí àwọn ọmọ.

Wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa. Tó bá jẹ́ pé odindi òrùlé lẹ fẹ́ ṣí, mo gbà, kò sẹ́ni tó ń ṣí gbogbo ilé sílẹ̀ nínú òjò. Àmọ́ ihò kì í dí fúnra ẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń fẹ̀ ẹ́. Oòrùn Abuja níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Páànù alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 10, tí ooru ara ẹ̀ bá fi digírì 30 lé sí i láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, ó máa gùn sí i ní bíi mílímítà 7, tílẹ̀ bá ṣú á tún súnkì. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣó á máa fẹ ihò ara ẹ̀, rọ́bà á gbẹ, á sán. Ìṣó tó ti tú báyìí ni ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin máa ń rí gbá mú, atẹ́gùn á wọ abẹ́ páànù, á ṣí i. Ẹ máa rí wọn lọ́dọọdún, ní Nyanya, ní Gwagwalada, páànù nínú ọgbà aládùúgbò. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní ẹ dúró de oṣù kọkànlá, tí owó ò wá délẹ̀ nígbà yẹn, tí Kérésìmesì wọlé, tí owó ilé ìwé tẹ̀ lé e, ìjì oṣù kẹta lẹ̀ ń dúró dè yẹn.

Tó bá jẹ́ párápẹ́ẹ̀tì ni ilé yín, èyí tí wọ́n mọ ògiri sókè yí òrùlé ká, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Abuja, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo gọ́tà tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri òkè yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ kan páànù rárá. Eruku ọyẹ́ máa ń jókòó síbẹ̀, ewé dóńgóyárò á já lé e, òjò á pò ó pọ̀, á dí ẹnu páìpù, omi á wá ga nínú gọ́tà títí á fi gba abẹ́ páànù wọlé. Páànù yín lè má ní ihò kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé àtijọ́, pàápàá àwọn ilé ìjọba tí wọ́n tà fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí El-Rufai jẹ́ mínísítà Abuja, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àjà asbestos, pátákó líle àtijọ́ tí wọ́n fi símẹ́ńtì àti fọ́nrán asbestos ṣe. Ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má sì gbá a ní gbígbẹ. Eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Bí mo ṣe rí i tí àwọn ọmọdékùnrin ń kó o láìbo imú, ọkàn mi máa ń bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá lọ ra páànù, ẹ mú ẹni tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn dání. Àwọn kan máa pe páànù mílímítà 0.45 ní 0.55 fún yín, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n, ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lórí òrùlé tó tẹ̀ wọlé lẹ ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ n padà síbi kóltà tẹ́ ẹ bi mí, mo ti sọ̀rọ̀ jìnnà. Káfíńtà yín ò parọ́, àmọ́ òótọ́ rẹ̀ ò pé. Kóltà lè gbà yín fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n bá fọ eruku kúrò, tí ibẹ̀ gbẹ dáadáa, tí wọ́n fi aṣọ tàbí nẹ́ẹ̀tì sáàárín kí wọ́n tó tún kùn ún lé e. Tí wọ́n bá kàn dà á lé ìdí ìṣó lórí eruku, oòrùn á gbẹ ẹ́, á sán, omi á tún wọlé, ẹ ò sì ní mọ̀ torí ẹ ti rò pé ó ti dí. Ìṣó tó tú ni kí wọ́n yọ, kí wọ́n fi sìkúrù tó nípọn jù ú lọ àti rọ́bà tuntun rọ́pò ẹ̀. Ìyókù, káfíńtà gidi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ òjò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ọjọ́ tí oòrùn ràn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ yẹn ni kó gòkè, kò gbọdọ̀ gòkè nígbà tí páànù tutù.

Lálẹ́ òní o, kí káfíńtà tó dé, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá yẹn, ẹ pa bíréékà rẹ̀. Tí àjà bá ti wú, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, kí àgbàlagbà kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi igi gígùn lu ihò kékeré sí i kí omi lè jáde díẹ̀díẹ̀. Ìwé yín, ẹ kó o sínú ọ̀rá.

Ẹ ò sọ bóyá ilé tiyín ni tàbí ẹ háyà á. Tẹ́ ẹ bá háyà á, ẹ ya fọ́tò tó ní déètì, kí lẹ́tà sí láńlọ́ọ̀dù ní ẹ̀dà lọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹ má torí pé ẹ̀ ń dúró de èsì rẹ̀ fi òrùlé sílẹ̀ láìtún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣí igun àjà kan lọ́la, kó ya fọ́tò igi tó jókòó lórí ògiri àti ìdí ìṣó tó bá rí, kẹ́ ẹ fi síbí. Màá bi bàbá káfíńtà wa bó ṣe rí i, màá sì dá yín lóhùn.