Ẹ yé ya ọ̀rọ̀ "agony" sí méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ SS3 ni mí ní Àkúrẹ́. Tíṣà tó ń kọ́ wa lẹ́yìn ilé ìwé ní "a" àti "gone" ló di "agony", pé ẹni tó ń kú lọ nìkan la lè lò ó fún. Ṣé mo lè lò ó fún inú rírun nínú àròkọ?

Ìdáhùn: O lè lò ó, ọmọ mi, bí inú rírun náà bá le gan-an; ohun tí tíṣà yín sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, láti Ọjà Ọba dé Ọ̀bà-Ilé, ó sì ń dùn mí pé owó òbí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní àròsọ.

"Gone" kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Gíríìkì ni orírun rẹ̀. "Agon" ni wọ́n ń pe ìdíje, irú eléyìí tí àwọn eléré ìdárayá ń ṣe ní Olympia láyé àtijọ́. "Agonia" sì ni làálàá ẹni tó ń du ipò kìíní. Ẹ ti mọ ìbátan rẹ̀ nínú lítíréṣọ̀: "protagonist", olú ẹ̀dá ìtàn, àti "antagonist", ẹni tó ń bá a du nǹkan. Kò sí ikú nínú ìkankan wọn.

Ó gba inú Látìnì àti Faransé kọjá kó tó dé inú Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1380 sí 1400, ìrora ọkàn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń lò ó fún, pàápàá ti Jésù ní Gẹtisémánì. Ṣí Lúùkù 22:44 nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́: "ìwàyá ìjà" ni wọ́n kọ. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ rí ìjà tó wà nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, wọn ò sì jẹ́ kó sọnù. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n nìyẹn! Nǹkan bí 1600 ni Gẹ̀ẹ́sì tó ń lò ó fún ìrora ara.

Lóòótọ́, "death agony" wà, ìyẹn pọ̀kàkà ikú. Bóyá ibẹ̀ ni tíṣà yín ti ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n bí "agony" bá jẹ́ ti ikú nìkan, kí ni wọ́n tún ń fi "death" ṣáájú rẹ̀ sí?

Fún inú rírun lásán, "pain" ti tó. Èyí tí kò jẹ́ kéèyàn jókòó, tí kò jẹ́ kó sùn, òun ni "agony". "He was in agony" ni kí o kọ, má kọ "he had agony". Mi ò ṣèlérí máàkì fún ọ o; lọ yẹ díkíṣọ́nárì wò pẹ̀lú. Bí o bá sì ń pè é, orí "a" ni kí o tẹ̀, kì í ṣe "go". Wọ́n lè bi yín nínú Oral English.