Èsì: Kí ló dé tí squid díndín mi fi ń le bíi rọ́bà?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìdáná o. Ẹ ní fritto misto tí ẹ ṣe nílé, ìyẹn oúnjẹ àwọn ará Italy tí wọ́n fi oríṣiríṣi ẹja àti nǹkan inú òkun díndín ṣe, squid ẹ̀ (ẹran inú òkun tí ara ẹ̀ rọ̀ tí kò ní egungun) le bíi rọ́bà, ìyẹ̀fun ara ẹ̀ sì tún rọ̀. Omi ló ba ìyẹ̀fun yẹn jẹ́. Ẹ fi tíṣù nu squid, edé àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ yẹn títí tíṣù ò fi ní tutù mọ́, torí omi tó bá kù lára wọn ló ń sọ ìyẹ̀fun di lẹ́ẹ̀ kó tó dénú òróró. Ẹ má fi ẹyin sí i rárá. Semola, ìyẹn ìyẹ̀fun àlìkámà líle (durum), èyí tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó ní yẹ́lò díẹ̀ lára, òun ni kẹ́ ẹ wá, ẹ yí wọn nínú ẹ̀, ẹ dà á sínú asẹ́ kẹ́ ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa, kó ku fẹ́lẹ́ lára wọn.

Òróró gbọ́dọ̀ jìn, kó gbóná dé 180°C. Ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan o! Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ sí i pọ̀, òróró á tutù, squid àti ẹja yẹn á wá máa fa òróró mu. Squid tẹ́ ẹ gé róbótó ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń di rọ́bà. Tí ariwo òróró bá ti ń rọlẹ̀, tí etí ẹ̀ pọ́n díẹ̀, ẹ kó o jáde sórí pépà, ìgbà yẹn lẹ máa tó wọ́n iyọ̀ sí i. Ẹ má dé e o, ooru á sọ ọ́ di rírọ̀. Ní Naples, ní Italy, inú pépà tí wọ́n ká ṣóńṣó ni wọ́n ń tà á sí, cuoppo ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, gbígbóná ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́.