Omijé ojú ẹ kọ́ ló máa pa òǹwòran lẹ́kún

Àbúrò, o ní ìyá tí ọmọ ẹ̀ kú lò ń ṣe, ìwọ nìkan lórí sítéèjì, o sì máa ń sunkún gan-an, omijé gidi, síbẹ̀ ojú àwọn tó ń wò ẹ́ gbẹ kanlẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá ohùn ẹ ni ò dáa tó àbí ara ẹ. Kò sí nǹkan tó ṣe ohùn ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá ṣeré, ohun tójú mi sì rí ni pé tó o bá ti bá àwọn èèyàn sun ẹkún wọn tán, o ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún wọn mọ́. Ẹni tó ń bá ẹkún jà, tó ń gbé e mì, tó fẹ́ de bọ́tìnnì aṣọ ẹ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ ò rí ihò ẹ̀, ẹni yẹn làánú ẹ̀ máa ń ṣe èèyàn. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tóun ti ń sunkún?

Èémí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Wo ẹni tẹ́rù ń bà, òkè àyà lèémí ẹ̀ máa wà, kúkurú kúkurú, ẹni tínú ń bí á fà á sínú á dì í mú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀fọ̀ á mí jáde pátápátá, á wá dà bíi pé ó gbàgbé láti mí òmíì sínú. Tó o bá ti yí èémí padà, èjìká á tẹ̀ lé e, ọrùn á tẹ̀ lé e, ohùn náà á yí fúnra ẹ̀, torí bí òwe ṣe jẹ́ ẹṣin ọ̀rọ̀ náà lèémí ṣe jẹ́ ẹṣin ohùn. Àwọn tó kàn ń gbọn ohùn, tí wọ́n ń fà á gùn, ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ wọn, torí nǹkan ọ̀hún wà lọ́kàn wọn lóòótọ́, ọ̀nà tó máa gbà jáde ni wọ́n dí.

Stanislavski, ará Rọ́ṣíà tó ń kọ́ àwọn òṣèré níṣẹ́, tó kú ní 1938, kọ́kọ́ ń ní kí òṣèré rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sóun fúnra ẹ̀ rí, àmọ́ nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ tí ara ń ṣe ló wá tẹnu mọ́. Mo ti lo méjèèjì. Ọ̀fọ̀ tèmi tí mò ń rántí ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó gbẹ, ó sì ń rẹ̀ mí dénú egungun. Iṣẹ́ ara kì í gbẹ. Ìyá tìẹ yẹn, ní kó máa ká aṣọ ọmọ náà. Kódà kí aṣọ má sí lọ́wọ́ ẹ, bí ọwọ́ ẹ méjèèjì ṣe jìnnà síra tó ló máa sọ bọ́mọ yẹn ṣe kéré tó, káwọn èèyàn sì rí i kó o tó lanu rárá.

Ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Fi í síbì kan pàtó, mọ bó ṣe ga tó, má sì jẹ́ kó ṣípò. Kó o wá dákẹ́ kó o gbọ́ èsì ẹ̀! Ọ̀pọ̀ tó ń dá ṣeré kì í gbọ́ nǹkan kan, wọ́n kàn ń ka ọ̀rọ̀ lọ.

Igbe, tọ́jú ẹ̀ de ibì kan ṣoṣo. Ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń mú kí wọ́n sún mọ́ ẹ, àmọ́ kì í ṣe kó o máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ o, ìyẹn á ha ọ̀fun ẹ, láti ikùn ni kó ti máa wá. Tó bá sì jẹ́ Yorùbá lo fi ń ṣeré, má fi ìbínú ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sókè nínú gbólóhùn, ìtumọ̀ á dàrú, gbogbo gbólóhùn ni kó o gbé pọ̀ sókè tàbí sílẹ̀, kó o fi ìyára àti ìdákẹ́ ṣe ìyókù.

Lẹ́yìn náà, fi fóònù ká ara ẹ sílẹ̀. Pa ohùn ẹ̀, kó o wò ó, tó ò bá rí ibi tí ìròyìn ikú ti dé etí ìyá yẹn, ara ẹ ò tíì ṣiṣẹ́. Kó o wá da fóònù dojú bolẹ̀, kó o gbọ́ ohùn nìkan.